Làpálàpá Ní Ẹbí Búburú: Àwọn Àrùn Olú Tó Ń Wọnú Ara, àti Bí A Ṣe Ń Tọpa Wọn

Ọjà Dantokpa kì í sùn. Láti 1963 tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ dó sí etí ọ̀sà Kútọnù, ó ti fẹ̀ títí ó fi gba nǹkan bí hẹ́kítà 20, ohun tí ènìyàn sì ń wá tí kò ní rí níbẹ̀ kò pọ̀. Àwọn ìyá wa láti Kétu, Ṣakété, Pobè àti Àjàṣẹ́ ń kó ẹrù wọn wá síbẹ̀. Èdè Fọ̀n, Gùn, Mina, Yorùbá àti Faransé ń dún pọ̀ lẹ́nu àwọn òǹtajà. Bí a bá rìn síwájú díẹ̀, a ó kan Adjégounlè, níbi tí wọ́n ti ta oògùn òyìnbó lórí àtẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún bí ẹni ń ta ata. Ẹni tí kókó kan bá yọ sí lára, tí kò dùn ún, tí kò sì lọ, irú àtẹ bẹ́ẹ̀ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ yà sí, kó tó di pé ó rántí ilé ìwòsàn.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Òwe náà ka làpálàpá sí àrùn kékeré tí kò yẹ kó gba àkókò ẹni tí ohun tó tóbi jù ú lọ ń bá jà. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n làpálàpá ní ẹbí, àwọn kan sì wà nínú ẹbí náà tí wọ́n lè ṣe ara bí ẹ̀tẹ̀ ti ń ṣe é. Wọn a wọ inú ẹran, wọn a jẹ eegun, wọn a gba inú ẹ̀dọ̀fóró kọjá sí ọpọlọ. Wọn kò wọ́pọ̀. Àìwọ́pọ̀ yìí gan-an sì ni agbára wọn: oníṣègùn kò retí wọn, ẹbí aláìsàn kò mọ orúkọ wọn, ìwé ìjọba kò sì kà wọ́n. Ohun tí a kò bá kà, a kì í ra oògùn sílẹ̀ dè é.

Olú tí à ń jẹ, olú tí ń jẹ wá

Olú tí àwọn ìyá wa ń ṣà lóko lẹ́yìn òjò, ohun funfun bí òwú tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu, ìwúkàrà tó ń mú ìyẹ̀fun wú, àti làpálàpá orí ọmọdé: ìran kan náà ni gbogbo wọn. Wọn kì í ṣe ewéko, wọn kì í sì í ṣe ẹranko. Èdè Faransé kò yà wọ́n sọ́tọ̀. Champignon ni ó ń pe gbogbo wọn. Àwa náà yóò máa pè wọ́n ní olú nínú àpilẹ̀kọ yìí, yálà ojú rí wọn tàbí ojú kò rí wọn.

Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú olú kò bá ènìyàn ṣọ̀tá. Inú ilẹ̀, ara igi tó jẹrà àti inú ìgbẹ́ ẹranko ni wọ́n ń gbé, iṣẹ́ wọn sì ni láti sọ ohun tó ti kú di erùpẹ̀. Ooru ara wa pàápàá ń lé ọ̀pọ̀ nínú wọn sẹ́yìn. Díẹ̀ ni ó lè fara da ooru náà. Àwọn díẹ̀ wọ̀nyí ni à ń bẹ̀rù, pàápàá nígbà tí agbára tí ara fi ń dáàbò bo ara rẹ̀ bá ti rẹ̀ nítorí kòkòrò VIH, àtọ̀gbẹ, jẹjẹrẹ, tàbí nítorí oògùn kan tí a lò ju bó ti yẹ lọ.

Làpálàpá fúnra rẹ̀ ti fi hàn wá bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Ní 2013, àwọn onímọ̀ kan tẹ ìwádìí jáde nípa àwọn aláìsàn 17 láti inú ẹbí 8 ní Àlùjéríà, Mòrókò àti Tùnísíà. Olú tó ń fa làpálàpá lásán kò dúró sí orí awọ àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Ó wọ inú ara wọn lọ, ó sì pa àwọn kan nínú wọn. Ìdí rẹ̀ ni pé wọ́n bí wọn pẹ̀lú àbùkù nínú ohun ìjogún kan tí a ń pè ní CARD9, èyí tó yẹ kó máa ta ara lólobó pé olú ti dé. Àbùkù bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Síbẹ̀, ó kọ́ wa pé ààlà tó wà láàrin àrùn kékeré àti àrùn ńlá kì í ṣe inú olú nìkan ni ó wà. Ó wà nínú ara ẹni tí olú bá.

Ní gbogbo àgbáyé, ìṣirò tí ọ̀jọ̀gbọ́n David Denning ti Manchester gbé jáde ní 2024 fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 6.5 ni àrùn olú tó ń wọnú ara ń mú lọ́dọọdún, àti pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.8 nínú wọn ń kú. Ó ṣírò pé ikú bíi mílíọ̀nù 2.5 nínú ìwọ̀nyí jẹ́ ti olú náà gan-an.

Èyí tí a fi orúkọ Áfíríkà pè

Ní 1905, ní Panama, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ odò ńlá tó so òkun méjì pọ̀, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Samuel Darling, yẹ òkú òṣìṣẹ́ kan wò. Ará Martinique ni òṣìṣẹ́ náà, ọmọ adúláwọ̀ ni. Gbogbo ènìyàn rò pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ni ó pa á. Darling rí ohun tíńtìntín kan tó kún inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní Histoplasma capsulatum. Kò mọ̀ pé olú ni. Ó tó bí ọgbọ̀n ọdún kí ẹlòmíràn tó fi ìdí èyí múlẹ̀.

Áfíríkà ní tirẹ̀. Ní àárín ọ̀rúndún tó kọjá, àwọn oníṣègùn rí irú kan tí ẹyin rẹ̀ tóbi ju ti Panama lọ ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kan nínú àwọn aláìsàn àkọ́kọ́ tí a rí i lára wọn jẹ́ ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ìwakùsà ní Gánà. Ní 1952, Vanbreuseghem, onímọ̀ ará Bẹ́ljíọ̀m, fún un ní orúkọ: duboisii, láti fi yẹ́ Albert Dubois sí. Láti ìgbà náà ni a ti ń pe àrùn rẹ̀ ní histoplasmose africaine.

Ti Panama fẹ́ràn ẹ̀dọ̀fóró. Ti Áfíríkà fẹ́ràn awọ, eegun àti àwọn kókó ọrùn àti abẹ́ abíyá. Ó lè bẹ̀rẹ̀ bí kókó líle kan lójú tàbí láyà, kó di egbò, kó sì gbọgbẹ́ sínú eegun. Ẹni tó rí i lè pè é ní ẹ̀tẹ̀, ó lè pè é ní ikọ́ ẹ̀gbẹ inú eegun, ó sì lè pè é ní jẹjẹrẹ. Àwọn kan nínú ẹbí a sì ní ọwọ́ ayé ni.

Níbo ni ó ń gbé? Ní 1994, ẹgbẹ́ onímọ̀ kan tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn rí olú náà láàyè nínú ìgbẹ́ àdán ní ihò àpáta Ogbunike, ní Ìpínlẹ̀ Anambra ní Nàìjíríà. Irúgbìn rẹ̀ fúyẹ́ ju eruku lọ. Ẹni tó bá gbo ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, tó gbá a tàbí tó rìn lórí rẹ̀ lè fà á símú láìmọ̀. Ó lè wà nínú ara fún ọ̀pọ̀ ọdún láìṣe nǹkan kan, kó tó jí lọ́jọ́ tí agbára ara bá dínkù. Ìdí nìyí tí dókítà kan ní Paris tàbí Madrid fi lè bá a pàdé lára ọmọ Áfíríkà tó ti kúrò nílé tipẹ́.

Àwọn aláìsàn mẹ́ta ní Bẹ̀nẹ̀

Kò sí ẹni tó gbọ́ orúkọ egbò Buruli ní ilẹ̀ wa tí kò gbọ́ ti Pobè. Ní ilẹ̀ Nàgó yẹn ni ilé ìtọ́jú ńlá kan wà fún egbò Buruli. Bakitéríà ni ó ń fa egbò yẹn, kì í ṣe olú. Kó tó di egbò, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ibi líle kan lábẹ́ awọ, tí kò dun ẹni tó ní in.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti gba àfiyèsí. Ní 2018, àwọn oníṣègùn Bẹ̀nẹ̀ pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ wọn láti Bẹ́ljíọ̀m kọ ìròyìn nípa aláìsàn mẹ́ta láti àwọn agbègbè tí egbò Buruli ti gbilẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa. Àwọn náà ní wíwú líle lábẹ́ awọ. Ẹni tó bá wò ó ní kíákíá lè sọ pé Buruli ni, tàbí pé jẹjẹrẹ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gé ẹran kékeré níbẹ̀ tí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò, olú ni wọ́n bá: Basidiobolus ranarum.

Orúkọ rẹ̀ kejì wá láti inú orúkọ ọ̀pọ̀lọ́ ní èdè Látìn, nítorí pé inú ọ̀pọ̀lọ́ ni a ti kọ́kọ́ rí i ní 1886. Inú ìfun alángbá náà ni ó ń gbé, ìgbẹ́ wọn sì ń gbé e dé ilẹ̀ àti ara ewé. Àwọn ọmọdé ni ó sábà máa ń mú, ní itan àti ìdí. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó lè jẹ́ ewé tí a fi nu ìdí lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀ ni ó ń gbé e wọlé, tàbí ìpalára kékeré tí ọmọ kò tilẹ̀ kà sí. Ó ní ìbátan kan, Conidiobolus, tí ń mú imú àti ètè wú títí ojú ènìyàn yóò fi yí padà. Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn dókítà ní Ìbàdàn ti ń kọ̀wé nípa rẹ̀.

Ẹ wo ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí fún ọmọ kan. Bí a bá pè é ní Buruli, oògùn bakitéríà ni yóò máa lò, olú kò sì ní gbọ́ tirẹ̀. Bí a bá pè é ní jẹjẹrẹ, a lè gé ohun tí kò yẹ ní gígé. Bí a bá pè é ní orúkọ rẹ̀, oògùn olú bí itraconazole lè mú wíwú náà lọ. Ẹran kékeré tí a gé, tí kò ju èékánná lọ, ni ó ya ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀.

Bí a ṣe ń tọpa ohun tí ojú kò rí

Ọdẹ kì í fi ojú rí ẹran kó tó mọ̀ pé ẹran kọjá. Ipasẹ̀ ni ó ń wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń tọpa olú.

Ipasẹ̀ àkọ́kọ́ ni ẹran tí a gé. A kùn ún ní àwọ̀ pàtàkì, a sì gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Duboisii kò ṣòro láti mọ̀ fún ojú tó ti rí i rí, nítorí ẹyin rẹ̀ tóbi. Ipasẹ̀ kejì ni gbígbìn: a fi díẹ̀ nínú ẹran náà sínú àwo, a sì dúró. Ìdúró yìí lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ipasẹ̀ kẹta ni àyẹ̀wò ìtọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń wá ohun tí olú ń tú sínú ara. Èyí yá, ó sì rọrùn. Ní 2019 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ti Histoplasma sínú ìwé àwọn àyẹ̀wò tó ṣe kókó.

Ipasẹ̀ kẹrin kò sí lára aláìsàn rárá. Inú ìwé ni ó wà. Nígbà tí dókítà kan bá rí ohun tó ṣọ̀wọ́n, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀. Ẹlòmíràn a wá kó gbogbo rẹ̀ jọ. Ní 2018, àwọn onímọ̀ tí Rita Oladele ti Yunifásítì Èkó ṣáájú wọn ka gbogbo ìròyìn histoplasmosis tí a kọ ní Áfíríkà láti 1952 dé 2017. 470 péré ni wọ́n rí. Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni ó pọ̀ jù lọ, pẹ̀lú 179, duboisii sì ni 162 nínú wọn. Ní Lomé, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ẹran ara padà sínú ìwé àkọsílẹ̀ tiwọn, wọ́n sì fa àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ yọ níbẹ̀.

Ṣé 470 ní ọdún 65 ni gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀? Ìdáhùn dé ní 2022. Ẹgbẹ́ Oladele yìí kan náà kò dúró de ìròyìn mọ́. Wọ́n jáde lọ wá olú náà. Ní ibùdó 10 ní Nàìjíríà, wọ́n yẹ ìtọ̀ àwọn 988 tí VIH ti mú ara wọn rẹ̀ wò. 76 ni wọ́n bá a lára wọn. Èyí jẹ́ ènìyàn bíi mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún, ní orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Ohun tí a ń pè ní àrùn tó ṣọ̀wọ́n lè jẹ́ àrùn tí a kò tíì wá.

Faransé ti sọ wíwá yìí di àṣà. Láti 2012 ni àwọn ilé ìwòsàn ńlá kan níbẹ̀ ti ń ròyìn gbogbo àrùn olú tó wọnú ara fún ibùdó kan ní Institut Pasteur ní Paris. Láàrin 2012 àti 2018 nìkan, ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ju 10,000 lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ti ń jí: ní 2017 ó fi àwọn àrùn olú inú ẹran kún àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí ayé pa tì, ní ọdún kan náà itraconazole wọ inú ìwé àwọn oògùn tó ṣe kókó, ní oṣù Ọ̀wàrà 2022 sì ni ó gbé orúkọ olú 19 jáde tó yẹ kí gbogbo ìjọba máa ṣọ́. Histoplasma wà nínú wọn.

Ohun tó ń pa ipasẹ̀ rẹ́

Òjò a máa pa ipasẹ̀ ẹran rẹ́ mọ́ ọdẹ lójú. Nínú ọjà wa, ohun méjì ni ó ń ṣe bí òjò yẹn.

Àkọ́kọ́ ni ìpara. Ọ̀pọ̀ nínú ìpara abóra tí wọ́n ń tà ní kọ́tíkóídì nínú. Bí a bá fi í pa làpálàpá, pípọ́n rẹ̀ á lọ, yíyún rẹ̀ á dẹ̀, oníbàárà á sì padà wá dúpẹ́ lọ́wọ́ òǹtajà. Ṣùgbọ́n olú kò kú. Kọ́tíkóídì ti so ọwọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ara. Olú ń tàn káàkiri lábẹ́lẹ̀, àmì rẹ̀ sì ti yí padà tó bẹ́ẹ̀ tí oníṣègùn awọ pàápàá lè ṣì í mọ̀. Ẹ rántí Íńdíà ní 2021. Nígbà tí kòrónà ń jà, tí àtọ̀gbẹ pọ̀, tí wọ́n sì ń lo kọ́tíkóídì lọ́pọ̀lọpọ̀, olú kan tó ń jẹ imú, ojú àti egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú ju 40,000 ènìyàn lọ láàrin oṣù díẹ̀. Oògùn tó ń gba ẹ̀mí là ni kọ́tíkóídì lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Orí àtẹ, lọ́wọ́ ẹni tí kò bi ọ́ ní ìbéèrè kan, ó di nǹkan mìíràn.

Èkejì ni oògùn àtẹ fúnra rẹ̀. Ìlú wa ni wọ́n ti ké ìpè sí gbogbo ayé lórí ọ̀rọ̀ yìí: Appel de Cotonou, ní ọjọ́ 12 oṣù Ọ̀wàrà 2009, pẹ̀lú Jacques Chirac, Ààrẹ Faransé tẹ́lẹ̀. Ní 2017, àwọn ọlọ́pàá wọ Adjégounlè, wọ́n sì kó oògùn níbẹ̀. Ewu oògùn ayédèrú kò mọ sí pé kò wo àrùn. Ó tún ń jẹ àkókò. Ẹni tó lo oríṣi mẹ́ta fún oṣù mẹ́fà kó tó dé CNHU Hubert Koutoukou Maga ti gbé oṣù mẹ́fà fún olú láti dé eegun, kò sì lè sọ fún dókítà ohun tó ti lò, nítorí kò sí orúkọ lára rẹ̀.

A kò sọ èyí láti bú àwọn ìyá ọlọ́jà. Owó àtẹ kéré, àtẹ wà nítòsí, òǹtajà gbọ́ èdè ẹni, kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn dúró láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán. Bí ilé ìwòsàn kò bá lè sún mọ́ ènìyàn tó bẹ́ẹ̀, àtẹ kò ní ṣófo.

Ohun tó kù sí wa lọ́wọ́

Àwọn àrùn wọ̀nyí kì í sábà ràn láti ara ẹnìkan sí ẹlòmíràn. Kò sí ìdí láti sá fún aláìsàn tàbí láti ya àwo rẹ̀ sọ́tọ̀. Inú ilẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹranko ni olú ti ń wá. Ẹni tó bá fẹ́ gbá ibi tí àdán tàbí ẹyẹlé ti yàgbẹ́ sí, kó kọ́kọ́ wọ́n omi sí i kí eruku má bàa gbéra, kó sì fi aṣọ bo imú.

Kókó tàbí egbò tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí kò san, ẹ má ṣe fi ìpara pa á mọ́. Ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn awọ. Bí wọ́n bá ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ni tàbí Buruli ni, tí oògùn rẹ̀ kò sì ṣiṣẹ́, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè bóyá a lè gé ẹran díẹ̀ láti wá olú níbẹ̀. Ìbéèrè yẹn kì í ṣe àfojúdi. Ẹni tó bá ń gbé pẹ̀lú VIH, tí ibà, ikọ́ àti rírù ń bá a jà, tàbí tí orí ń fọ́ ọ láìdáwọ́dúró, kò gbọdọ̀ dúró rárá.

Àwọn bàbá àti ìyá wa oníṣègùn ìbílẹ̀ náà ní ipa nínú iṣẹ́ yìí. Àwọn ni ó máa ń kọ́kọ́ rí wíwú tí kò dùn yẹn ní abúlé. Bí wọ́n bá mọ irú èyí tó yẹ kí wọ́n fi ránṣẹ́, ọ̀nà á kúrú fún ọ̀pọ̀ ọmọdé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, èdè méjì ni ẹ ní. Nígbà tí ẹ bá mú ìyá àgbà lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ̀yin ni dókítà ń bi léèrè. Ẹ má dá a lóhùn ní gbólóhùn kan. Ẹ sọ abúlé tí ìyá ti wá, iṣẹ́ tó ṣe, bóyá ó ti sun ní ilé tí àdán wà lájà rẹ̀, oṣù tí kókó náà bẹ̀rẹ̀, àti gbogbo ohun tí wọ́n ti fi pa á, kódà bí ojú bá ń tì yín. Ohun tí ẹ bá sọ ni dókítà yóò kọ sílẹ̀, ohun tó bá kọ sílẹ̀ sì ni ẹlòmíràn yóò kà lọ́jọ́ iwájú. Àwọn mẹ́ta tí a kọ ìròyìn wọn ní 2018 kò mọ̀ pé wọ́n ń la ọ̀nà fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ tí ìdí rẹ̀ bá wú ní Pobè tàbí ní Kétu lónìí, tí dókítà rẹ̀ ti ka ìròyìn náà, ti ní àǹfààní tí àwọn kò ní.